Èmi Ni Mo Tú Ọwọ́ Ọkọ Alámọ̀ Kúrò Lọ́rùn Ìyàwó Rẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi mí ṣẹ̀sín. Obìnrin tó ń jowú obìnrin, ẹ ti gbọ́ ọ rí. Èmi jowú amọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ mí nínú tipẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí ọkọ mi bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè gbé e mọ́.

Moncalieri, lẹ́bàá Torino ní Italy, là ń gbé. Padova ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, níbi tí wọ́n ti ń tún ìkòkò àti ère àtijọ́ ṣe. Ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin wálé, orúkọ Lupe ló sì máa ń kọ́kọ́ délẹ̀ ṣáájú àpò rẹ̀. Lupe báyìí, Lupe bọ́hùn-ún. Ọmọbìnrin Mexico ni, tábìlì iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń lò.

Lọ́jọ́ kan ó gbé àpótí kan wálé, tí yóò fà lé ẹni tó ni ín lọ́wọ́ ní Torino lọ́jọ́ Ajé. Ère amọ̀ ló wà nínú rẹ̀: tọkọtaya tó jókòó pọ̀, ọkùnrin fọwọ́ kọ́ ìyàwó rẹ̀ lọ́rùn, ìyàwó gbé àwo dání. Ó ní àwọn ará Mexico ayé àtijọ́ ló ń sin irú wọn pẹ̀lú òkú.

"Ìyá Tóbi, wò wọ́n. Látayébáyé, wọn ò jà rí."

"Ṣé ìyàwó yẹn náà ń retí ọkọ láti Padova ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Apá ọkùnrin yìí ti kán tẹ́lẹ̀. Lupe ló lẹ̀ ẹ́ padà. Ọmọ yẹn mọṣẹ́! Acetone lásán ló sì lè tú u, kí ẹni ẹ̀yìn ọ̀la lè tún un ṣe. Bí iṣẹ́ wa ṣe rí nìyẹn."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó. Lupe so akọ mọ́ abo, ọkọ mi wá ń fọwọ́ pa wọ́n lórí. Nínú ìjọ wa, àdúrà la fi ń tú irú àsopọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo kàwé, mo ti ṣe tíṣà rí, mo mọ̀ pé iṣẹ́ ọnà ni. Ṣùgbọ́n owú kò lọ sílé ìwé.

Nígbà tí ọkọ mi lọ gẹrun, mo mú acetone tí mo fi ń nu ọ̀dà èékánná. Mo ní, "Gbogbo ìdè, tú!" mo sì ń nu ojú ibi tí wọ́n lẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Àdúrà gbà, acetone náà gbà. Apá náà kò já, ó kàn ń mì bí eyín arúgbó. Ẹ̀rù bà mí, mo yára dì í padà sínú àpótí.

Lọ́jọ́ Ajé, ọwọ́ ẹni tó ni ín ló já sí. Ó bọ́ sórí ilẹ̀ mábù, ó fọ́. Ọ̀gá wọn ní Lupe ò lẹ̀ ẹ́ dáadáa, ó lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ọkọ mi bẹ̀bẹ̀ títí. Ẹ̀bẹ̀ yẹn tún dá kún owú mi.

Lupe wá dágbére fún wa. "Signora, mo dán an wò, ó dì mú," ó ń sọ ọ́ ṣáá. "Àbí ọwọ́ mi ni kò dáa mọ́?" Mo bu ẹran kún ìrẹsì rẹ̀. Oko kan ní Saluzzo ni Lupe ti ń já èso báyìí.

Ọkọ mi fẹ́ dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Torino. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ní, "Lupe ni ǹ bá pè ká jọ ṣe é, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀rọ̀ apá yẹn... Kí lo rò?"

Mo ní, "Bàbá Tóbi, ẹ wá ẹlòmíràn."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ́kọ. Gbólóhùn kan péré ni, Lupe á padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ ọ́, òun àti ọkọ mi á tún jọ máa jókòó lójoojúmọ́, ọkọ mi á sì mọ irú ẹni tó fẹ́. Lupe ò ṣẹ̀ mí rí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ inú mi ò tíì rọ̀ sí i. Lọ́jọ́bọ̀ ni ọkọ mi fẹ́ gba ẹlòmíràn náà síṣẹ́. Ẹ bú mi tó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ tètè dá mi lóhùn.