Igbó tí wọ́n bá nínú àpò ẹ̀wà Ìyá Ṣadé

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi kí ẹ tó bú mi. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí nínú. Mi ò lè gbé e mọ́, torí ẹni tí mo ṣẹ̀ pàdé mi lọ́jà Bódìjà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó dì mọ́ mi, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ọmọ Èkìtì ni mí. Nígbà tí ọkọ mi kú, mo wá ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ní Àgbowó, níbi táwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí. Mi ò mọ ẹnì kankan n'Íbàdàn. Ìyá Ṣadé tó ń ta mọ́ínmọ́ín ló fún mi láàyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgọ́ tiẹ̀. Pákó lásán ló pààlà sí wa láàárín. Àbúrò ló ń pè mí.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tó máa ń kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá jẹun lọ́dọ̀ mi. Lọ́jọ́ kan, ó ní kí n bá òun tọ́jú ọ̀rá kan títí òun á fi jáde ní kíláàsì. Mo gbóòórùn ẹ̀. Mo mọ̀ pé igbó ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù ń bà mí kí n má pàdánù oníbàárà. Mo gbà á.

Kò pẹ́ sígbà náà làwọn agbófinró tó ń mú onígbó dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú àgọ́ oúnjẹ kiri. Gbogbo àwa olóúnjẹ la mọ òfin wọn: ẹni tí wọ́n bá bá a nínú àgọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń mú, ì báà jẹ́ oníbàárà ló gbé e síbẹ̀.

Ìyá Ṣadé ti lọ pọnmi. Mo nawọ́ kọjá pákó, mo ti ọ̀rá náà bọ inú àpò ẹ̀wà rẹ̀.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i. Ó dé tòun ti garawa omi lórí, ó wojú mi.

"Àbúrò, bá mi sọ fún wọn. Ìwọ náà ṣáà mọ̀ mí."

Mo kọjú sí àwọn agbófinró. Mo ní, "Mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀ o."

Wọ́n gbé e lọ. Mo ń gbé oúnjẹ lọ fún un ní àtìmọ́lé, ṣùgbọ́n mi ò lè la ẹnu mi. Ó ṣẹ̀wọ̀n. Nígbà tó jáde, Ìyá Onígbó ni wọ́n ń pè é, kò sẹ́ni tó fẹ́ ra mọ́ínmọ́ín rẹ̀ mọ́. Ó kó lọ sábúlé wọn lọ́nà Ìwó.

Àwọn oníbàárà rẹ̀ di tèmi. Àgọ́ mi ń kún, àmọ́ tí wọ́n bá ti jẹun tán, kálukú a bá tiẹ̀ lọ. Mo ń dá sùn, mo ń dá jí. Kò sẹ́ni tó pè mí ní àbúrò mọ́.

Lọ́jà lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí i pé ó ti rù gan-an. Ó ní òun fẹ́ padà wá tajà, ṣùgbọ́n àwọn onílé tó ni ilẹ̀ àgọ́ wa ní Àgbowó ò fún òun láàyè nítorí orúkọ yẹn. Ó ní kí n bá òun bẹ̀ wọ́n.

"Ìwọ nìkan lo wá wò mí nígbà yẹn. Tó o bá sọ fún wọn pé mi ò ṣe é, wọ́n á gbà ọ́ gbọ́."

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Tí mo bá sọ pé kò ṣe é, wọ́n á bi mí pé ta ló ṣe é. Mò ń bẹ̀rù ẹ̀wọ̀n. Ojú rẹ̀ ni mo tún ń bẹ̀rù jù. Ó ní òun ń bọ̀ lẹ́yìn Iléyá, pé ilé mi lòun máa sùn, torí òun ò ní ẹlòmíì n'Íbàdàn.