Àyè Ìyàwó Lórí Káàdì Ìlera

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi kí ẹ tó bú mi. Ó ti lé lọ́dún kan tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Ǹ bá má sọ ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ tìtorí rẹ̀ lé ẹlòmíràn kúrò nílé ọkọ.

Télọ̀ ni mí ní Ìlá. Tíṣà ni ọkọ mi àtijọ́. Nígbà tí kóòtù tú wa ká, ó fẹ́ ọmọ Òkè-Ìlá kan. Orúkọ mi ṣì wà lórí káàdì adójútòfò ìlera tí wọ́n fún un níbi iṣẹ́, ìyàwó kan ṣoṣo ni káàdì náà sì gbà. Wọ́n ní àfi kí n fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù pé mo yọ̀ǹda àyè mi, kí wọ́n tó kọ orúkọ ìyàwó tuntun.

Ọkọ mi àtijọ́ mú fọ́ọ̀mù wá, mo ní kó fi í sílẹ̀. Ó tún wá. Mo ní káàdì yẹn ni mo fi ń gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó ṣe sùúrù díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, irọ́ ni. N kò fi gba hóró oògùn kan rí. Inú ló ń bí mi. Mo ní lọ́kàn mi pé bí obìnrin náà bá gba ọkọ mi, kò ní gba ìyẹn mọ́ ọn.

Nígbà tí ìkúnlẹ̀ ìyàwó náà dé, owó ọsibítù bà á lẹ́rù. Ilé ìgbẹ̀bí ìjọ wọn ló lọ. Ọmọ náà kú.

Títí di òní, kò mọ nǹkan kan nípa káàdì náà. "Ìyálé mi" ló ń pè mí, kóòtù ò kàn án. Bó bá dé ṣọ́ọ̀bù, á kúnlẹ̀ kí mi, èmi á máa wo aṣọ tí mò ń rán.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó wá, ó ń sunkún. Ìyá ọkọ wa ní agídí rẹ̀ ló pa ọmọ, ta ló ní kó má lọ sí ọsibítù. Ọkọ tó mọ̀ pé kò sí káàdì ò sì sọ nǹkan kan. Wọ́n fẹ́ ṣèpàdé ẹbí lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí, kí wọ́n dá a padà fún àwọn òbí rẹ̀.

Ó ní, "Ìyálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ẹ̀yin nìkan ni Màmá máa ń gbọ́ tiyín."

Mo ní màá lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá la ẹnu, àwọn ọmọ mi á gbọ́ ohun tí ìyá wọn ṣe. Bí n kò bá là á, wọ́n á di ẹrù ọmọ ọlọ́mọ síta. Ṣé kí n kọ́kọ́ pe ìyàwó náà sí kọ̀rọ̀ kí n bẹ̀ ẹ́ ni, àbí kí n jẹ́wọ́ lójú gbogbo wọn? Ó ti ní òun á wá mú mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, pé òun ò lè dá wọlé síwájú wọn.