Efúnyẹmí àti Òdòdó Odàn

Ní ayé àtijọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tí ilé wa yìí kò tíì ní ahéré kan, ọ̀dá ló lé Efúnyẹmí, ìyá ńlá gbogbo wa, àti ọkọ rẹ̀ Ògúntọ́lá kúrò níbi tí wọ́n ti wá. Wọ́n rìn, wọ́n rìn, wọ́n kó ọmọ dé inú odàn yìí. Oúnjẹ ti tán.

Wọ́n rí ewéko kan tí òdòdó rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú bí ìyeyè. Wọ́n hú gbòǹgbò rẹ̀, wọ́n sè é, wọ́n jẹ ẹ́, ó dùn. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n tún hú u, wọ́n tún sè é. Àbíkẹ́yìn wọn ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Kí oòrùn tó wọ̀, ọmọ náà ti kú.

Ẹ jẹ́ kí n mí díẹ̀. Ibi tó máa ń dùn mí nìyí.

Ògúntọ́lá ní, "Ẹ di ẹrù. Ilẹ̀ yìí kò gbà wá."

Efúnyẹmí ní, "Ẹ fún mi ní ọjọ́ méje. Ewéko méjì ló wà níbẹ̀. Ojú wa ló pè wọ́n ní ọ̀kan."

"Bí ìwọ náà bá kú ńkọ́?"

"Ẹ ó mọ èyí tí ẹ kò gbọdọ̀ jẹ."

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó jókòó sáàárín òdòdó láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó wò, ó wò, gíga wọn dọ́gba, òdòdó wọn dọ́gba. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó dijú, ó ń fọwọ́ pa ewé. Ọwọ́ rẹ̀ ló wá mọ̀ ọ́n: ẹ̀yìn ewé kan ń dán, ẹ̀yìn ewé kejì ń họ ọwọ́.

Ṣùgbọ́n èwo ló pa ọmọ? Ó jẹ díẹ̀ nínú gbòǹgbò èyí tó ń dán, ó dúró ọjọ́ mẹ́ta, kò sí nǹkan kan. Ó fi èkejì kan ahọ́n, ó tutọ́ rẹ̀ dànù. Ahọ́n rẹ̀ wú dí ẹnu. Kò lè sọ̀rọ̀. Ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, ó fi ewé tó ń họ ọwọ́ ra àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì mirí.

Báyìí ni wọ́n ṣe dúró, tí a fi wà níbí.

Wíwú ahọ́n náà lọ sílẹ̀, ohùn rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n kò mọ adùn iyọ̀ mọ́ títí ó fi kú. Ọbẹ̀ tó kọ́kọ́ sè lẹ́yìn náà, iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ kọjá sísọ. Ògúntọ́lá jẹ ẹ́ tán. Lọ́jọ́ kejì, àkọ́bí wọn lọ jókòó ti ìyá rẹ̀ nídìí àdògán, ó tọ́ ọbẹ̀ wò, ó ní, "Ìyá mi, ó ti tó."

Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń se ọbẹ̀ nílé wa kì í fi í dá iyọ̀ rẹ̀ tọ́ wò. Ẹlòmíràn ní í bá a tọ́ ọ. Bí ìyàwó tuntun bá béèrè ohun tó fà á, a kì í kọ́kọ́ dá a lóhùn. A ó mú un jáde sí odàn, a ó fi ewé méjì sí i lọ́wọ́, a ó ní kó dijú.