Mo Gbé Lẹ́tà Ọmọ Kíláàsì Mi Lọ Fún Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ibodè

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mi ò kọ orúkọ mi. Ó ti pé ọdún méjì tí ẹlòmíì ti ń ru ẹ̀sùn ohun tí mo ṣe, tí mo sì ń wò ó níran. Mo ti rò pé màá gbé e dé sàréè. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ẹni tó ń ru ẹ̀sùn náà wá bá mi nílé, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí.

Tísà èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mí ní kóléèjì kan ní Ifangni níbí, níbi tí Faransé ti jẹ́ èdè ìjọba. Nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ yẹn bẹ̀rẹ̀, dìrẹ́tọ̀ wa, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, pe àwa tísà Gẹ̀ẹ́sì jọ. Ó ní wọ́n fẹ́ kí a máa mú ọ̀rọ̀ ààbò orílẹ̀-èdè wọ inú iṣẹ́ wa, nítorí pé ibodè la wà. A ò ní dá ẹ̀kọ́ tuntun sílẹ̀. Nínú ìwé kíkà, nínú àròkọ àti lẹ́tà ni a ó ti máa kọ́ àwọn ọmọ bí èèyàn ṣe ń ṣàpèjúwe àjèjì, àti bí èèyàn ṣe ń kíyè sí ẹrù tí kò lólúwa. Dìrẹ́tọ̀ sọ fún wa pé ká kọ́ wọn ní ìṣọ́ra, ká má kọ́ wọn ní ìbẹ̀rù.

Kí n má purọ́, iṣẹ́ náà bá mi lára mu. Èmi kì í gba èèyàn gbọ́ bọ̀rọ̀. Ìyàwó mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí àkùkọ bá kọ, màá béèrè ẹni tó rán an níṣẹ́. Mo máa ń dá a lóhùn pé ìfura loògùn àgbà.

Mo wá fún kíláàsì tó ń múra ìdánwò Bépésé, ìdánwò ọdún kẹrin ní kóléèjì, ní iṣẹ́ kan. Mo ní kí kálukú kọ lẹ́tà sí ẹ̀ṣọ́ ibodè, kó sọ ohun kan tó rí ládùúgbò rẹ̀ tí kò yé e. Mo tún ṣèlérí fún wọn. Mo ní èmi nìkan ni màá kà á, pé àárín wa ni.

Ọ̀pọ̀ wọn ló wo ara wọn kọ. Olè ewúrẹ́ kan náà ló kún inú ìwé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Rafíátù nìkan ló kọ òótọ́. Ọmọ Banigbé nítòsí wa níbí ni, ọmọ jẹ́jẹ́ tó máa ń ṣe gbogbo ohun tí tísà bá ní kó ṣe. Èdè tí ẹnikẹ́ni nílé wọn kò lè kà ló fi kọ ọ́, bóyá ìdí nìyẹn tí ọkàn rẹ̀ fi balẹ̀.

Ó kọ ọ́ pé ọkùnrin kan máa ń wá sílé àwọn lọ́jọ́ ọjà, nígbà tí àwọn ìyá bá ti jáde. Kì í gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ó máa ń fi aṣọ bo orí dé imú. Ọkùnrin náà àti bàbá òun á lọ sẹ́yìn ilé, wọ́n á fi igi fa ilà sílẹ̀, wọ́n á tún fi ẹsẹ̀ pa á rẹ́. Bàbá òun sì ti kìlọ̀ pé kí àwọn ọmọ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, pàápàá Lásísì, àbúrò bàbá náà tí wọ́n jọ ń gbé inú ọgbà kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ara yín sípò mi. Àjèjì tó bo imú. Ilà tí wọ́n ń pa rẹ́. Àwòrán ọ̀nà ibodè ni mo rí nínú ilà wọ̀nyẹn. Mi ò bi ọmọ náà ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Mo gun alùpùpù, mo gbé lẹ́tà náà lọ fún ẹ̀ṣọ́ kan tí mo mọ̀, mo sì yí i sí Faransé fún un.

Ohun tí mi ò tíì sọ fún ìyàwó mi pàápàá nìyí. Ọkùnrin kan ni Rafíátù kọ. Èmi sọ pé wọ́n tó mẹ́rin. Mo bẹ̀rù pé tí mo bá sọ pé ẹnì kan ni, wọ́n á ní kí n máa lọ sílé.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n mú Bàbá Rafíátù lóko, wọ́n mú àlejò rẹ̀ pẹ̀lú. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n lò lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ kí ọ̀rọ̀ tó yanjú. Fúlàní darandaran ni ọkùnrin náà. Bàbá Rafíátù ní màlúù mẹ́fà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń bá a dà wọ́n. Ó máa ń wá jíṣẹ́ fún un. Ilà kan, màlúù kan. Èyí tó bá bímọ, wọ́n á fa ilà kékeré sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ta ni kò mọ̀ ládùúgbò wa pé ẹni tó bá fi màlúù sọ́wọ́ darandaran kì í sọ ọ́, kí àwọn ẹbí má baà jókòó tì í fún owó? Bàbá tó bí mi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó ń kú lọ ló tó sọ fún wa. Mo mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ ọ́n, kò sì wá sí mi lọ́kàn rárá.

Kí wọ́n tó fi wọ́n sílẹ̀, ẹ̀rù ti ba àwọn ará darandaran náà, wọ́n ti da agbo lọ. Bàbá Rafíátù kò rí màlúù kan mọ́. Gbogbo Banigbé sì ti mọ̀ pé ó ní màlúù. Lásísì náà gbọ́. Lọ́dún tó ṣáájú, ìyàwó Lásísì ṣàìsàn débi pé wọ́n rò pé á kú, Lásísì bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òun ò ní nǹkan kan.

Bàbá Rafíátù wá rò ó, ó ní Lásísì ló rí àṣírí òun, tó fi gbẹ̀san. Ó mọ ògiri gba àárín ọgbà. Ó ní kí àwọn ọmọ má kí Lásísì mọ́.

Èmi ni mo gbé búrẹ́dì lọ kí bàbá Rafíátù nígbà tí wọ́n fi í sílẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, ó pè mí bí wọ́n ṣe ń pe tísà níbí, ó ní, "Mùsié, ẹ̀yin lẹ dà bí ẹ̀gbọ́n fún mi báyìí." Mo jẹ́ kó sọ bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà náà, gbogbo èèyàn ni mo ń fura sí. Bí àwọn tísà bá dákẹ́ nígbà tí mo wọlé, mo máa ń rò pé ọ̀rọ̀ mi ni wọ́n ń sọ. Rafíátù kì í kọ òótọ́ nínú àròkọ mọ́. Olè ewúrẹ́ ni òun náà ń kọ. Ó máa ń kí mi dáadáa, ó ń kúnlẹ̀, mo sì máa ń wo ojú rẹ̀ bóyá ó mọ̀. Mo máa ń sọ fún ara mi pé nítorí rẹ̀ ni mo fi dákẹ́, kí bàbá rẹ̀ má baà mọ̀ pé ọwọ́ ọmọ òun ló kọ ọ́. Òótọ́ ni díẹ̀. Ẹ̀rù ara mi ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Lásísì ló wá bá mi lọ́jọ́ Àìkú. Kò fẹ́ jókòó.

"Mùsié, pàdọ́ọ̀, ẹ má bínú," ó ní. "Ẹ̀yin nìkan ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Mi ò ṣe é. Mo ti fi Kùránì búra, kò gbà. Dọ́ǹkì, nítorí náà, mo ti rò ó. Lọ́jọ́ Jímọ̀, tí a bá kírun tán, màá dọ̀bálẹ̀ fún un níwájú gbogbo èèyàn, màá ní èmi ni. Á bú mi, ó lè gbá mi létí. Ṣùgbọ́n á tán. Ọmọ tí ìyàwó mi bí lẹ́yìn àìsàn yẹn ti ń rìn, ẹ̀gbọ́n mi kò gbé e rí."

Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. 

"Ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀rọ̀ ọ́ tò," ó ní. "Kí ni kí n sọ pé mo rí, tó máa fi gbà mí gbọ́?"

Mo sì sọ ọ́ fún un. Mo sọ ti aṣọ tí darandaran fi ń bo imú, mo sọ ti ilà tí wọ́n ń fẹsẹ̀ pa rẹ́ lẹ́yìn ilé.  Mi ò mọ̀ bóyá ó bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ó kàn dúpẹ́ ni.

Ọjọ́rú lòní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin tí ẹ bímọ, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá sọ̀rọ̀, ilé Rafíátù lè dàrú mọ́ ọn lórí. Bí mo bá dákẹ́, ẹni tí kò ṣe nǹkan kan máa dojú bolẹ̀ tọrọ àforíjì nítorí ohun tí èmi ṣe. Bí Jímọ̀ bá sì ti kọjá kí ẹ tó ka èyí, ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run. Lásísì ti mọ ọ̀rọ̀ tó máa sọ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sórí. Ó kà á fún mi lẹ́ẹ̀mẹta kó tó lọ, èmi ni mo sì ń tún un ṣe níbi tó bá ti ṣì í.