Àpò Ewé Tí Mo Kọ "Orí Òkè" Sí Lára

Ẹ sún mọ́ bí, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fi ohun tẹ́ ẹ ń ṣe sílẹ̀ ná, kẹ́ ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun fún ọdún mẹ́ta. Òní ni mo máa tú u jáde.

Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kan tó ń ṣèwádìí òdòdó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Màmá Olódòdó la máa ń pè é. Òdòdó kan wà tó ga dé orúnkún lẹ́sẹ̀ òkè, àmọ́ lọ́hùn-ún lórí òkè, láàárín òkúta, ṣe ló kúrú bí àtàǹpàkò, irun wá bò ó. Màmá ní irú ọ̀tọ̀ ni tòkè. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní rárá, òtútù ló sọ ọ́ di aràrá. Àbùdá inú ewé, ìyẹn ohun àjogúnbá tó ń fi irú tí nǹkan jẹ́ hàn, ló máa parí ìjà yẹn, ẹ̀rọ ló sì ń kà á. Tó bá jẹ́ irú ọ̀tọ̀ ni lóòótọ́, òfin ò ní jẹ́ káwọn afọ́kùúta tó ń wá òkè náà fọwọ́ kàn án; Màmá ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé kí wọ́n tó lè fọ́ ọ.

Orúnkún Màmá ò gba òkè mọ́, ló bá rán èmi àti dẹ́rẹ́bà ẹ̀ pé ká lọ já ewé tòkè wá. A gun ún dé ìdajì, kùrukùru bo gbogbo ẹ̀, ẹsẹ̀ mi bó. Dẹ́rẹ́bà bú sẹ́rìn-ín: "Àǹtí, ewé ṣáà lewé! Ta ló máa bi ewé léèrè ibi tó ti wá?" Èmi náà rẹ́rìn-ín. Òpònú! A sọ̀ kalẹ̀, mo já ogún ewé lẹ́sẹ̀ òkè, mo kó wọn sápò, mo fi pẹ́ńsù kọ "orí òkè" sí i lára.

Ẹ̀rọ kà á, ó ní ìkan náà ni wọ́n. Màmá pè mí. "Ọmọ mi, má bínú o. Ṣé o dé orí òkè yẹn lóòótọ́?" Ẹ ò rí i, ó ṣílẹ̀kùn fún mi, mi ò gbabẹ̀ jáde. "Mo débẹ̀, Mà. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi já a." Ó mí kanlẹ̀: "Á jẹ́ pé ojú mi ló ń tàn mí jẹ látọdún mọ́kànlá." Ló bá fọwọ́ sí ìwé tó fún àwọn afọ́kùúta láyè.

Ìgbà tí mo padà sí òkè yẹn, wọ́n ti fọ́ ọ tán, eruku funfun ló kù. Mo rí ẹyọ òdòdó òkè kan tó ti gbẹ sábẹ́ òkúta, mo gbé e lọ síbi ẹ̀rọ. Irú ọ̀tọ̀ ni! Látìgbà yẹn, tí mo bá ṣáà ti dijú, mo máa ń rí wọn, kúkurú, onírun, wọ́n á tò jọ, wọ́n á kàn máa wò mí.

Màmá ti wà lórí ibùsùn àìsàn báyìí. Lánàá, ó di ọwọ́ mi mú: "O ṣeun tó o jẹ́ kí n mọ òtítọ́ kí n tó lọ." Tí mo bá jẹ́wọ́, á mọ̀ pé ojú òun ò tan òun jẹ. Á tún mọ̀ pé ọwọ́ òun lòun fi pa òdòdó náà run. Ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀ ni mo ti ń tẹ èyí sórí fóònù, ó sì ti ń pè mí. Ẹ foríjì mí. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, kí lẹ máa wọlé lọ sọ?