Àgbàdo Orí Ààrò

Nínú mọ́tò tó ń ti Ìkẹ́nnẹ́ lọ sí Ṣàgámù ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, láàárín ìyá àgbà kan àti ìyàwó ilé kan tó gbé sílíńdà gáàsì sáàárín ẹsẹ̀.

"Màmá, kòkòrò ti jẹ gbogbo àgbàdo tí mo fẹ́ gbìn. Mo mà da oògùn sí i o!"

"Níbo lo kó o sí?"

"Inú àpò, ní yàrá."

"Orí ààrò ńkọ́?"

"Ààrò ìyá ọkọ mi? Gbàrà tí wọ́n ṣaláìsí ni mo wó o. Èéfín ń ba ògiri mi jẹ́."

Ìyá náà mirí. "Èéfín iná tó se ọbẹ̀ òní, òun náà ló ń ṣọ́ àgbàdo ọdún tó ń bọ̀. Igi tí mo fi se ọbẹ̀ ló ń mú omi ìwẹ̀ mi gbóná, òun ló ń gbẹ ata mi."

Ó fa àgbàdo kan yọ nínú àpò rẹ̀, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó bó háhá rẹ̀. Gbogbo wa na ọrùn. Ó funfun báláú, kòkòrò kan ò fẹnu kàn án! Èmi tí mo ti ń pòṣé lọ́kàn, ẹnu yà mí.

Ìyàwó ilé náà gbà á, ó gbé e símú.

"Òórùn ìyá ọkọ mi gan-an nìyí."