Kọ́ńsítébù Tó Ń Kọ́ Ọkọ Mi Ní Ẹsasáìsì

Ọlọ́run tó rí inú mi, tí kò sì lé mi jáde nínú ilé rẹ̀, mo dúpẹ́ o. Hallelúyà!

Ará, ẹ mọ ọkọ mi, Sájẹ́ǹtì, bàbá Ṣọlá. Igi ńlá tí àwọn ọlọ́pàá fi ń dábùú ọ̀nà ní Sẹ̀kọ̀nà ti ba ìbàdí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́. Ọ̀gá wọn wá ní kí wọ́n máa ṣe ẹsasáìsì láràárọ̀, kí wọ́n lè mọ bí wọ́n ṣe ń gbé nǹkan láìfarapa. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n fi ṣe tíṣà? Kọ́ńsítébù Yẹmisí, ọmọge, eyín funfun, kò tíì lọ́kọ!

Mo jowú, mi ò ní purọ́. Bàbá Ṣọlá tí kì í jí fún àdúrà òwúrọ̀ wá ń jí ṣáájú àkùkọ, ó ń fi ọṣẹ tí SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba, ti sọ di wúrà fọ bàtà kánfáàsì! Bó bá ń jẹun, "Yẹmisí ní orúnkún ni ká máa tẹ̀, ká má tẹ ẹ̀yìn." Yẹmisí ní, Yẹmisí ní!

Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbé ẹ̀bẹ̀ wá sí Ẹgbẹ́ Obìnrin, mo ní ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ni. Lọ́kàn mi, mò ń bẹ Olúwa kó dá ọkọ mi dúró níbi ẹsasáìsì yẹn. Ẹ̀yin náà ṣe àmín, ẹ ò mọ ohun tí ẹ ń ṣe àmín sí! Mo tún kó kánfáàsì náà pamọ́. Kò rí bàtà wọ̀, kò lọ mọ́.

Kò pẹ́, ó tẹ ẹ̀yìn gbé igi yẹn. Wọ́n gbé e wálé, kò lè nàró. Ìjọba ológun sì ń dín òṣìṣẹ́ kù lọ́wọ́. Àwọn ọ̀gá ń bọ̀ láti Òṣogbo wá yẹ̀ wọ́n wò. Ẹni tí kò bá lè gbé igi kó sì nàró, ilé yá! Mo sunkún, mo jẹ́wọ́ fún Ọlọ́run àti fún ọkọ mi. Dókítà ní egungun kò ṣẹ́, ẹsasáìsì ló máa wò ó sàn.

Èmi fúnra mi lọ pe Yẹmisí. Ojoojúmọ́ ló ń di ẹsẹ̀ ọkọ mi mú lórí ẹní ní pálọ̀ mi. Mo jókòó tì wọ́n, mò ń gbàdúrà, ojú mi là kedere!

Ọjọ́ pé. Ọkọ mi tẹ orúnkún, ó gbé igi, ó nàró. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà níwèé! Ọ̀dọ̀ Yẹmisí ni ọkọ mi kọ́kọ́ lọ dúpẹ́, kó tó kí èmi. Ó dùn mí.

Ará, owú náà kò tíì tán pátápátá. Ṣùgbọ́n lánàá mo gbé ìrẹsì lọ fún Yẹmisí ní bárékè. Mo fi ọdún mẹ́wàá ju ọmọ yẹn lọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde." Mi ò dìde. Lórí ìkúnlẹ̀ ni mo ti sọ fún un pé, "Ẹ ṣé."

Ẹ bá mi fògo fún Ọlọ́run, ẹ bá mi yọ̀: ẹnu mi yìí ló sọ ọ́!